Iye Tí Epo Jẹ́ Níta

Ní Deer Lodge, ní Montánà,
yìnyín ló dá ọkọ̀ ẹlẹ́rù mi dúró.
Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà lẹ́bàá títì,
ògiri òkúta, ilé ìṣọ́ lórí rẹ̀
bí adé lórí ẹni tí kò jọba.
Wọ́n ní kò sí ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀ mọ́,
ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, dọ́là méjìlá lẹ ó fi wọlé.
Mo rẹ́rìn-ín.
Láyé ijọ́un, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé síbẹ̀,
jíjáde ló wọ́n.

Nínú àgbàlá tí wọ́n ti máa ń yá oòrùn,
ẹ̀rọ epo mẹ́ta dúró lórí ìlà,
gíláàsì roboto lórí wọn bí orí apárí,
rọ́bà wọn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́
bí apá ẹni tí wọ́n ní kó má mira.
Ọ̀kan ṣì ń pe gálọ̀nù ní sẹ́ǹtì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Ta ni yóò sọ fún un?

Haldor Tveit ló ń mú mi kiri,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, wọ́dà ni tẹ́lẹ̀ rí.
Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́ lára ìgbànú;
ó ti lé lógójì ọdún tí kọ́kọ́rọ́ ti kúrò níbẹ̀.
"Fífà ni wọ́n ń fa èyí," ó ní,
"epo á gòkè sínú gíláàsì,
wàá fojú ara rẹ rí ohun tí o fẹ́ rà."

Mo mọ̀ ọ́n.
Mo fa epo fọ́lọ́kọ̀ fún ọdún mẹ́ta ní Ìkìrun,
ìyá mi ò jẹ́ kí n sún mọ́ ààrò.
Bí nọ́ńbà bá há,
ọ̀gá mi Láwàní á gbá ẹ̀rọ létí.

Okùn wà níwájú wọn: ẹ má fọwọ́ kàn án.
Wọ́dà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn,
ó gbé okùn sókè.
"Tètè."

Irin náà tutù bí ẹja.
Mo gbá a létí, ẹ̀ẹ̀kan péré.
Nǹkan ró nínú rẹ̀,
mẹ́sàn-án yí, ó di òdo, ó dúró.

Haldor ò rẹ́rìn-ín.
Ó kọjú sí ilé tí yàrá wọn wà.
"Cass Renfro. Òun ló ń tún ọkọ̀ ọ̀gá ọgbà ṣe.
Láràárọ̀ ló ń bi mí: èló ni epo níta?
Irọ́ ni mo ń pa fún un.
Iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé ni mo ń sọ,
ọdún mọ́kànlá."

"Ọjọ́ tó jáde wá ńkọ́?"

Ó ń so okùn padà.
Ó so ó, ó tú u, ó tún un so.

Yìnyín dá. Mo ra epo ní òdìkejì títì,
káàdì ni, kò sí ọmọ kankan tó jáde sí mi.
Nọ́ńbà ń sáré lójú ẹ̀rọ
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún.