Lẹ́tà Kan Péré

Agogo méjì òru ní Ṣágámù,
lókè ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóbì.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé.
Mo jókòó ti ẹ̀rọ tó ń pín lẹ́tà,
ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni.

“Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí”:
bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá lẹ́tà Kánò padà,
bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá ti báńkì padà,
àti ti Ìbídùn, ọmọ Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́, láti Jọ́ọ̀sì.
Bàbá Ṣówẹ̀mímọ́ fúnra rẹ̀ rèé,
akọ̀wé ẹgbẹ́ láti ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé,
ó jókòó lórí àpò obì, ó ń mu gààrí,
ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí.
“Ọmọ mi, wí fún un pé mi ò tíì kú.”

Mo wo orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́: mẹ́tàlélọ́gọ́fà, wọ́n pé.
Mo wo ọ̀rọ̀ aṣínà wọn: ó tọ̀nà.
Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án.
Mo bú u.
Mo tún pa á, mo tún tan án,
torí ohun tí ọwọ́ mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn nígbà tí orí bá rẹ̀.

Lánàá ni mo kó wọn kúrò nínú ẹ̀rọ àtijọ́
sínú tuntun tó ń dán bí abọ́ ìyàwó.
Ẹni tó kó ẹrù ló yẹ kó mọ ibi tí iyọ̀ wà.
Èmi ni mo kó ẹrù.

Mo wọ inú àká rẹ̀ lọ, yàrá kan sí òmíràn.
Àpótí ń bẹ. Lẹ́tà ọdún mẹ́jọ ń bẹ nínú wọn.
Èwo wá ni kò sí?

Mo ka orúkọ tó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn.
Bàbá ní, “Tún un kà.”
“S, h, a, g…”
Ó gbé ife sílẹ̀.
“Bí òyìnbó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, h lẹ́yìn s.
Pàṣán ni tíṣà fi kọ́ wa.
Ìwọ, báwo lo ṣe kọ ọ́?”

Mo fẹ́ fi àmì sí s nísàlẹ̀ ni,
ẹ̀rọ gbọn àmì náà dànù bí iyanrìn lẹ́sẹ̀.
Ìlú kan wá di méjì:
ọ̀kan ní ènìyàn, ọ̀kan ní àpótí,
wọn kò sì bá ara wọn ṣe àna.

Mo fi h kan sí i.
Ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀.
Ni àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bá rọ́ wọlé
bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù:
ọjà Sábó, owó iná, Kàtsínà.
Kò sí ti Jọ́ọ̀sì.
Ìyẹn ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́,
òun àti ọ̀rọ̀ náà pé bàbá rẹ̀ kò sí.

“Gbé e súnmọ́ mi.”
Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́,
ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́:
Ìbídùn, mo wà. Ẹsẹ̀ náà ń san.
Nígbà tó dé ibi orúkọ ara rẹ̀, ó dúró,
ó wò mí lójú:
“Ṣé kí n fi h sí i?”