Ògiri Kẹta

Ọdún mọ́kànlá ni màmá mi fi ru yanrìn
fún àwọn bíríkìlà, ní Ìkéré níbí.
Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo ilé Odò-Ọjà,
ọwọ́ rẹ̀ kò kan ṣíbí rí.
"Obìnrin, gbé omi wá." Omi dé.
"Obìnrin, yàgò." Ó yàgò.

Bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí i ló fi bọ́tọ rẹ́ ilé tiwọn,
tó fi ewé ra á títí ó fi ń dán bí èèpo ẹyin.
Ta ló pè é ní ọ̀gá nígbà náà?

Ògiri mi àkọ́kọ́, Ìyá Ìbírónkẹ́ fi ẹsẹ̀ tì í,
ó wó. Kò bínú. Ó ní, "Omi rẹ ti pọ̀ jù."
Èkejì dúró dọ̀sán,
ṣùgbọ́n pọ́ńbù sọ ohun tí ojú mi ń bò:
ikùn rẹ̀ yọ síta bí aboyún oṣù márùn-ún.
Èmi náà ni mo tú u.
Ẹ̀rín àwọn ọmọkùnrin pẹ́ ju ògiri lọ.

Ó wá ku ẹ̀kẹta.
Ọyẹ́ ti la ìka mi. Olósùnta ń wò mí,
òun tí kò bi pọ́ńbù léèrè kó tó nàró.

Màmá mi dé nírọ̀lẹ́. Àṣà kò tán lára:
ó gbé omi dání.
Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀,
mo ní kó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri, ó tún tẹ̀ ẹ́.
"Ulé rèé," ó ní.
Kò sí òrùlé, kò sí ilẹ̀kùn.
Ògiri kan ṣoṣo.