Ó Ku Alẹ́ Méjì

Ó ku alẹ́ méjì ká dé Livingstone.
Mo mọ̀, nítorí tòmátì ti ku mẹ́fà,
àpò ìrẹsì ti rọ̀ bí ikùn arúgbó,
agolo tí a ń dá owó ọjà sí
ti ń dún bí ẹnu tí eyín ti ká.
Èmi ni mo ń se oúnjẹ.
Ìdí ìkòkò ni mo ti ń ka ọjọ́.

Láti Nairobi títí dé ìhín,
ogójì ọjọ́ ó lé kan nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ìjókòó sí.
Eruku pupa ti wọ wá létí, ó ti wọ inú iyọ̀,
ó ti wọ inú ìwé tí Annelies ń kà láti Dodoma
tí kò tíì kúrò lójú ewé kejìlá.
Àgọ́ kẹrin kò ní síìpù mọ́, okùn bàtà ni wọ́n fi so ó;
ẹni tó ni okùn ń wọ́ bàtà nílẹ̀,
ṣàà-ṣàà, káàkiri ibùdó.

Ẹ wò wọ́n bí a ti jẹun tán,
àwọn mẹ́rìnlá, lóòró,
wọ́n ń ju abọ́ tútù sọ́tùn-ún sósì kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́,
bí ẹyẹ ńlá tó fẹ́ fò tí ilẹ̀ ò jọ̀wọ́ rẹ̀.
Lọ́sẹ̀ kìíní ojú ń tì wọ́n.
Lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n ń jà:
ta ló jẹ búrẹ́dì ìkẹyìn, ta ló ń hanrun,
ta ni kì í bá wọn gbé àga.
Dag àti Hyejin kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti Mbeya dé Mpika.
Lálẹ́ yìí ó bá a di igi àgọ́ mú.
Ó ní, "Rọra." Òun náà ní, "Mo ń rọra."
Ọ̀rọ̀ náà sì tó.

Ìyá mi a máa wí pé ìdí ọbẹ̀ ni iyọ̀ ń sùn sí.

Wọ́n ń gba àdírẹ́sì ara wọn. Wọ́n ní kí n kọ tèmi.
Mo kọ Choma. Wọ́n ní, nọ́ńbà ilé ńkọ́?
Mo ní ẹ béèrè ilé igi máńgòrò tí àrá sán.

Lyimo tó ń wakọ̀ kò dá sí i.
Ó ń fi irin kan táyà, ó ń tẹ́tí sí i.
Lọ́jọ́ Ajé yóò yí orí ọkọ̀ padà,
àwọn mẹ́rìnlá mìíràn, ìtìjú mìíràn.
Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé. Ó ní orúkọ kì í pẹ́ lórí òun;
ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ wá ti ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀
kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni òun ń rántí.

Ilẹ̀ mọ́. A kọjá Monze, a kọjá Pemba.
Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti bá ọkọ̀ yìí kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé wa,
tí mo gba ojú fèrèsé wo òrùlé ìyá mi;
kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti di ẹ̀yìn.
Lónìí Lyimo pa ọkọ̀. Ó ní táyà ti rọ̀.
Táyà kò rọ̀.
Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń bó ọsàn.

Ìyá mi gun àkàsọ̀ ọkọ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀,
ó wo àgọ́ tí a ká, ó wo ẹsẹ̀ wọn tó bó,
ó fi èdè Tonga bi mí:
"Lweendo, ṣé àwọn wọ̀nyí kò nílé ni?"
Annelies ní kí n túmọ̀ rẹ̀.
Mo ní, "Ó ní ẹ káàbọ̀."

Ìrìn-àjò ni ìtumọ̀ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ mí.
Kò rí mi bi léèrè bóyá èmi nílé.
Ó gbé abọ́ tòmátì kan lé mi lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, èéfín omi ńlá náà yọ lókèèrè.
Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò.
Mo ka tòmátì: mọ́kàndínlógún.
Ó pọ̀ jù fún alẹ́ kan ṣoṣo.
Mo se gbogbo rẹ̀.