Ẹ̀yìn Ògiri

Abẹ́ dráyà lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn l'Ókèsà:
eré wo ni Wúrà àti Démi ṣe tó dùn jù?
Arínọlá ní ti ọdún tí iná lọ,
tí jẹnẹrétọ̀ dákú,
tí Wúrà bọ́ sáàárín èrò,
tó fi ohùn lásán gbé orin náà délé.
"Irọ́!" Àyìnkẹ́ yọrí, rólà ń mì.
"Ti Ifẹ̀ ni, nínú òjò,
ìgbà tí Démi gbàgbé ọ̀rọ̀ orin,
tí gbogbo wa ń fi í sí i lẹ́nu bí ògì ọmọ tuntun."

Wọ́n bojú wò mí.
Èmi ò rówó tíkẹ́ẹ̀tì rí.
Ẹ̀yìn ògiri ni mo máa ń dúró sí,
níbi tí ohùn wọn ti ń dún
bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ kúbùsù.

Àfi alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde,
àwọn méjì tí ayé ní wọn ò kíra wọn mọ́.
Okùn bàtà Wúrà já.
Démi kúnlẹ̀, ó ń so ó,
ó ń kùn lábẹ́ ahọ́n.
Wúrà gbè é, kò wo ẹnikẹ́ni.
Mọ́tò dé.

Ìbídùn pa dráyà. "Orin wo ni?"

Mi ò mọ̀ ọ́n.
Kò sí nínú àwo wọn kankan.