Sítáǹbù Kan Náà

Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè kun pósófíìsì Òkè-Onígbìn.
Àpótí pupa ẹnu ọ̀nà, wọn ò tíì hú u;
agbọ́n ti kọ́lé sẹ́nu rẹ̀,
ọmọdé kan kì í ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ mọ́.

Ọmọ Bùsàrí onílẹ́tà ni mí.
Kẹ̀kẹ́ Ràlè ló fi tọ́ wa,
àti ṣòkòtò kákí tí orúnkún rẹ̀ ti ṣá di funfun.
Láti Òkè-Onígbìn dé Ìsánlú, láti Ìsánlú dé Òwù,
ó ń gun òkè, ó ń sọ̀,
nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo
tí Èbùdọlá kọ sí ìyá rẹ̀ láti Támálè.
Sítáǹbù tí ọlọ́rọ̀ lẹ̀ mọ́ ìwé n'Ílọrin,
òun náà ni tálákà ń lẹ̀ l'Ówùú-Ìsin.
Ọ̀nà jíjìn ò fowó lé e.
Ẹnikẹ́ni ò bi òkè léèrè bóyá ó ń mú èrè wá.

Ní ìdí igi ìṣin ló ti ń ka lẹ́tà fún ìyá náà.
Ibi tí ọmọ ti ní kí wọ́n bá òun kí ajá,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á,
ìyá ṣáà ní kó tún un kà.

Bó bá lu agogo kẹ̀kẹ́, a mọ̀ pé ire ni.
Ọjọ́ tí wáyà dé, kò lu agogo.
Ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ìdí odò
bí ẹni ń mú aláàárẹ̀ bọ̀ láti oko.
Ó tọrọ omi.
Ó ní kí wọ́n bá òun pe ará ilé kejì.
Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ:
ta ló kọ ìyẹn sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀?

Mi ò ní purọ́ torí pé bàbá mi ni.
Ìwé tí wọ́n fi pè mí sílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́
sun oṣù mẹ́ta nínú àpò kan n'Ílọrin.
Ìgbà tó fi dé, àwọn ẹgbẹ́ mi ti ṣèdánwò àkọ́kọ́.
Bàbá fi lé mi lọ́wọ́, kò wo ojú mi.
Owó oṣù tirẹ̀ náà sùn, oṣù mẹ́sàn-án gbáko,
ó sì ń gun òkè.

Àwọn ẹni tuntun yìí yára, mo gbà.
Alùpùpù wọn ń dán, fóònù ń sọ ibi tí ẹrù dé.
Àmọ́ wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí:
"Màmá, a kì í dé Òwù,
ẹ wá pàdé wa l'Ájàṣẹ́."
Owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó jígí ojú tí ọmọ mi fi ránṣẹ́.

Láyé bàbá mi, lẹ́tà ní í wá èèyàn kiri.

Mo wọ jígí náà bí mọ́tò ṣe ń kọjá l'Ókè-Onígbìn.
Ọ̀dà ìyeyè yẹn ò nípọn.
Lábẹ́ rẹ̀, àkókò tí wọ́n ń kó lẹ́tà ṣì hàn:
aago mẹ́wàá àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán.
Mo wo ọwọ́ mi.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.