Ìwé Ló Gbàgbé

Aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
Ìyáàfin Ọlọ́wọ̀ògùn pè mí láti Òkè Pópó:
"Músẹdíìkù, ẹ̀rọ yín ní mo ti wọlé.
Mo wò yíká, mi ò bá ara mi nínú ilé."
Owó oṣù èèyàn òjìlélúgba ń dúró dè wọ́n
nínú kọ̀ǹpútà kan ní Màrínà.

Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n ka ojú ẹ̀rọ fún mi.
Àmì kékeré náà láwọ̀ ewé, ó ń dán, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.
Ẹ bi í léèrè: ta ló wà lọ́nà?
Ó ní kò sẹ́nì kankan.

Abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?
Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ márùn-ún nà gbalaja síbẹ̀,
òdo, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,
gbogbo wọn ń kó lẹ́tà lọ
sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì láti ìrọ̀lẹ́.

Iná ló lọ ní aago méje. Wọ́n fi fóònù fa dátà.
Iná dé, wọ́n padà sórí wáyafáì.
Iná tún lọ.
Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá yẹ̀ mọ́ fípíẹ́ẹ̀nì yìí lẹ́sẹ̀,
á gbẹ́ ihò tuntun, á gbàgbé èyí tó kọ́kọ́ gbẹ́,
bí ajẹ́ńtì tó gbowó yàrá kan lọ́wọ́ ayálégbé márùn-ún,
tó dọjọ́ ìkólé, tó ní òun ò mọ ẹnì kankan.

Bàbá mi, Sùnmọ́nù, ṣe akọ̀wé ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútẹ́ Èrò.
Bírò lẹ́yìn etí, ìwé aláwọ̀ búlúù lábẹ́ abíyá:
ta ló lọ Ìkòròdú, ta ló ti dé, ta ló kù.
Lálẹ́ ọjọ́ kan òjò wọnú ìwé náà,
yíǹkì ṣàn lọ, ojú ewé funfun báláú.
Àwọn yòókù palẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni lórí omi mọ́,
ṣebí ìwé ló wí bẹ́ẹ̀.
Bàbá mi tan àtùpà, ó jókòó sórí pákó èbúté
títí ọkọ̀ kan fi dé,
títí ìkejì fi dé, tòun ti ọmọ tó ń sunkún nínú rẹ̀.
"Ìwé ló gbàgbé," ló wí. "Omi ò gbàgbé."

Mo pa ọ̀nà márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo yọ fáìlì kóńkó kan tó fi ti ara rẹ̀ mọ́lé.
Ẹ tún wọlé, mà.
Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Háà. Mo ti rí tábìlì mi."
Wọn ò dúpẹ́; iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Mo kọ àṣẹ ìlà mẹ́rin kí n tó dùbúlẹ̀:
ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, má bi ìwé. Bi omi.

Aago méjì kọjá. Níhìn-ín ní Ìwàyà,
jẹnẹrétọ̀ ilé kejì wúkọ́, ó kú.
Mo gbé fóònù sórí àyà,
mò ń kà: òdo, ení