Èkúté Kọjá Lójú Erin

Mo ṣí páńẹ́lì ilé àdín Fápohùndà
lójú ọ̀nà Ìwàràjà, ní ìdájí;
òórùn rọ́bà jíjóná ló kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀.

"Fíúsì ńlá kò já," ni olówó ilé-iṣẹ́ wí,
ó nawọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn.
Lóòótọ́, kò já.
Ọgọ́rùn-ún áńpíà ni wọ́n ní kó máa ṣọ́.
Ó jókòó síbẹ̀, ara rẹ̀ mọ́ tónítóní:
erin ni wọ́n ní kí n máa kà,
ta ló bá mi sọ̀rọ̀ èkúté?

Mo fi ìka tọ ipasẹ̀ èéfín,
láti ìdí ọ̀pá bàbà títí dé ara wáyà pupa kan,
mìlímítà kan àti ààbọ̀,
kò nípọn tó okùn bàtà ọmọ ilé-ìwé.
Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé iná fún gílóòbù kékeré
tó ń sọ pé ẹ̀rọ ti jí.
Ẹni tó so ó rò pé ẹni tí kò jẹun púpọ̀
kò lè jẹ gbèsè.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń gbọ̀n lọ́sàn-án, ó ń gbọ̀n lóru,
etí irin ń rẹ́ rọ́bà díẹ̀díẹ̀,
títí bàbà fi kan irin,
tí odò kan odindi wá fẹ́ gba ihò abẹ́rẹ́ kọjá.

Òṣómàáló ni iná.
Ó dà bí àwọn bàbá wa tó ta aṣọ láwìn dé Òkè Ọya:
kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí owó rẹ̀.
Bí fíúsì kò bá san án, wáyà á san án.
Bí wáyà kò bá rí i san, àpò èkùrọ́ á san án,
òrùlé á san án.
Ọláìtán ọlọ́dẹ, tó gbé garawa yanrìn sáré wọlé lóru,
ti san tirẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì
ní ọsibítù Wẹ́sílì.

Ọ̀gá Arówójobè tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìsọ̀nà
kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń fi wáyà lọ́ ìka,
á ní, "Fíúsì kò mọ ẹ̀rọ, kò mọ olówó ẹ̀rọ.
Wáyà ló ń ṣọ́.
Níbi tí ọ̀nà bá ti fún, ibẹ̀ ni kí o fi ẹ̀ṣọ́ sí."
Mo rò pé ó ń pòwe ni.

Mo gé èyí tó kú. Mo so fíúsì áńpíà méjì
mọ́ ìdí ọ̀pá bàbà gan-an, kò jìnnà ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
kí wáyà tuntun má baà rin ìrìn kankan láìní ẹ̀ṣọ́.
Gílóòbù tàn. Ẹ̀rọ jí.

"Èló ni?" Mo dárúkọ owó.
Ó ní ó ti pọ̀ jù fún gílóòbù lásán,
kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò,
mo pa ìlẹ̀kùn páńẹ́lì dé,
mo sì lóṣòó síwájú rẹ̀.